Ọ̀rọ̀ Kan Tó Gé Kúrò Lẹ́nu Ìyá Rẹ̀

Irọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa máa ń gùn. Èyí tí obìnrin yìí pa kò tó èémí kan. Kò tilẹ̀ la ẹnu rẹ̀ nígbà tó ń pa á. Ìka kan ló fi tẹ bọ́tìnnì, ilé ìyá rẹ̀ sì dàrú.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé. Ó ní kí n má bu oyin sí i, kí n má sì bu ata sí i. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ yìí.

Níbi iṣẹ́, Etí Ehoro ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó ya ohùn kúrò lára ohùn. Bí fíìmù kan bá fẹ́ kúrò ní èdè kan bọ́ sí òmíràn, òun ni wọ́n máa gbé e fún. Á yọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré sọ́tọ̀, á fi orin sọ́tọ̀, á sì kó ariwo yòókù sọ́tọ̀: ilẹ̀kùn tó ń pa dé, ẹsẹ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn, abọ́ tó já bọ́. Ìlà mẹ́ta lójú kọ̀ǹpútà, bí òwú mẹ́ta tí a tú kúrò nínú okùn kan. Ẹ̀rọ ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, etí ènìyàn ló ń parí rẹ̀. Etí tirẹ̀ sì mú. Wọ́n ní ó máa ń gbọ́ ọ bí ọ̀gá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú àtibínú.

Àkọ́bí ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àbíkẹ́yìn ilé wọn, ló wa mọ́tò lọ́jọ́ tí bàbá wọn kú. Táyà bẹ́, mọ́tò takìtì. Ọmọ yè é, bàbá kò yè é. Nínú ìrora, ìyá wọn sọ fún un lójú gbogbo ẹbí pé, "Má jẹ̀ẹ́ kí n fojú kàn ọ́ mọ́."

Ọmọ náà gbọ́ràn. Ó kó lọ sí ìlú mìíràn. Kò di ìdarí ọkọ̀ mú mọ́, kò sì wọ mọ́tò ẹlòmíràn. Ọkọ̀ ojú irin àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọdún gorí ọdún. Lọ́jọ́ tí ìyá pé àádọ́rin ọdún, àbíkẹ́yìn kó ara rẹ̀ wá, ó dúró sẹ́nu géètì. Èrò kún inú ilé, orin sì ń dún débi pé fèrèsé ń gbọ̀n. Àbúrò ìyá wọn obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Ẹ̀yìnkùlé nítorí pé yàrá ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé, ló rí i. Ó sáré wọlé lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó padà jáde, ojú rẹ̀ ti wó.

"Ìyá ẹ ní kí a má jẹ́ kí o wọlé, ọmọ mi. Ṣe sùúrù."

Ọmọ yí padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu ìyá, kò sì pẹ́ tó fi gbé e lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí fóònù Etí Ehoro dún níbi iṣẹ́.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́."

"Àbúrò mi. Ṣé kò sí?"

"Kò sí. Ẹnìkan fi fídíò ọjọ́ ìbí Màmá ránṣẹ́ sí mi. Mo rí ìgbà tí Màmá Ẹ̀yìnkùlé tẹ̀ bá wọn létí. Mo rí i pé Màmá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n orin ti bo ohùn wọn."

"Kí lo wá fẹ́?"

"Ṣebí iṣẹ́ yín nìyẹn. Ẹ bá mi yọ ohùn wọn kúrò nínú orin. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n wí gan-an."

"Tó bá wá jẹ́ ohun tí o ò fẹ́ gbọ́ ńkọ́?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ láìgbọ́ ọ, Àǹtí mi. Ó tó gẹ́ẹ́."

Ó dúró kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jẹun, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó sọ fídíò náà sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, ó sì pín in sí ìlà mẹ́ta. Nínú ìlà ariwo, ó gbọ́ àwo, ìpàtẹ́wọ́ àti àga tó ń fa ilẹ̀. Nínú ìlà orin, ó gbọ́ ìlù àti ègbè àwọn obìnrin tí kò sinmi. Kò dúró síbẹ̀. Ó kọjá sí ìlà ohùn.

Ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ sí i létí bí ẹni tó wà nínú yàrá.

"Ẹ má jẹ́ kó wọlé."

Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà náà dákẹ́. Nínú fídíò, ìyá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì tẹ̀ ba bí ẹni tí kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Orin bo gbogbo rẹ̀.

Etí Ehoro bọ́ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kúrò létí. Ó gbé e sétí padà. Ó tún un gbọ́. Ó dìde, ó rìn yí àga ká, ó jókòó, ó tún dìde. Ohùn tó ń wá láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ ló gbọ́ yìí, ohun tí ohùn náà sì gbé wá nìyí.

Fóònù dún.

"Ṣé ó ti yọ?"

"Mo ṣì ń ṣe é."

"Mi ò tíì jẹun láti àná, Àǹtí mi. Oúnjẹ ń kọjú sí mi, ọ̀fun mi ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yára."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì wo ojú kọ̀ǹpútà. Gbólóhùn ìyá rẹ̀ nà síbẹ̀ bí òkè kéékèèké. "Ẹ" nìyí. "Jẹ́ kó wọlé" nìyẹn. Láàárín wọn, "má" dá dúró bí kókó orí aṣọ. Kò ju kókó náà lọ tó wà láàárín àbúrò rẹ̀ àti ilé.

Ó rò ó pé kò sí ẹni tí yóò pa lára. Ìyá ti lọ. Òkú kì í jẹ́jọ́. Ọmọ ló wà láyé, ọmọ náà ni kò rí oúnjẹ gbé mì. Àánú ha lè di ẹ̀ṣẹ̀ bí?

Ó gé e.

Ó fa ìdí gbólóhùn náà mọ́ orí rẹ̀, ó fi èémí díẹ̀ dí ojú ibi tó so ó pọ̀, ó sì gbọ́ ọ.

"Ẹ jẹ́ kó wọlé."

Ohùn ìyá rẹ̀ gidi ni. Iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní débi pé ó rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó rántí ohun tó ṣe. Ó fi ránṣẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà.

Lọ́jọ́ kejì, àbíkẹ́yìn kan géètì ilé ìyá wọn, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ẹbí ṣì ń gbé. Ó sunkún láti ẹnu ọ̀nà dé pálọ̀. Ó jẹun bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Ó ń fi ọwọ́ pa ara ògiri. Ayọ̀ gba gbogbo ilé, Etí Ehoro náà sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ rí i?"

Àwo kò tíì kúrò lórí tábìlì tí àbúrò rẹ̀ fi gbójú sókè.

"Àǹtí mi, bí Màmá bá ní kí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, ta ló wá lé mi padà?"

Irọ́ tí a bá bí, dandan ni kó wá ẹ̀yìn tí yóò gbé e pọ̀n. Etí Ehoro kò ronú dé ibẹ̀ rárá. Ẹnu rẹ̀ ti dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó dé e.

"O mọ̀ pé etí Màmá Ẹ̀yìnkùlé ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn. Bóyá wọ́n ṣì í gbọ́ ni."

Òótọ́ ni pé etí kan ti di lára obìnrin náà láti kékeré. Òótọ́ yẹn ló gbé irọ́ dúró.

"Ṣé wọ́n ṣì í gbọ́ ni, àbí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀?" Àbúrò rẹ̀ ti ń dìde. "Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú ni wọn ò ti wo ojú mi dáadáa."

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó mu omi.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti bá màmá náà, ó ń sá aṣọ. Àbíkẹ́yìn dọ̀bálẹ̀ kí i, nítorí pé ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Ó gbé fóònù fún un. Màmá Ẹ̀yìnkùlé gbé e sí etí tó sàn. Ó gbọ́ ọ. Ó ní kó tún un ṣe. Ó tún gbọ́ ọ.

"Ohùn ẹ̀gbọ́n mi nìyí," ni obìnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún mi kọ́ nìyí."

"Ẹ̀rọ ò lè purọ́, Màmá."

Obìnrin náà yíjú sí Etí Ehoro. "Ọmọ mi, ìwọ lo mọ nǹkan yìí. Bá mi dá sí i."

"Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà, Màmá," ni Etí Ehoro wí. "Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí Màmá Ẹ̀yìnkùlé bí ẹni ń kí àlejò. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ á dákẹ́ bó bá wọ pálọ̀. Ẹnìkan á ní, "Ọmọ kò rí ìyá rẹ̀ sin nítorí etí dídi," ẹlòmíràn á ní, "Bó bá jẹ́ etí dídi ni." Obìnrin tó tọ́ gbogbo wọn, tó gbé wọn pọ̀n nígbà tí ìyá wọn ń lọ síbi iṣẹ́, kò jáde ní yàrá rẹ̀ mọ́ àfi tó bá fẹ́ pọn omi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó dá Etí Ehoro dúró létí kànga. "Má purọ́ fún mi. Ṣé ọpọlọ mi ti ń dàrú ni? Torí mo ṣì ń rí i bó ṣe wí i. Bí mo bá dijú, mo ń rí i."

"Ẹ má rò ó bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ sinmi."

Ẹni tó ní kí ẹlòmíràn sinmi kò rí ìsinmi fún ara rẹ̀. Ní sítúdíò, gbogbo "má" tó bá jáde lẹ́nu òṣèré ń gún un létí. Ó ń gbàgbé ohun tó ń ṣe. Lọ́jọ́ kan ó so ìlà ariwo mọ́ ìlà ohùn. Ọkùnrin inú fíìmù kúnlẹ̀ níwájú olólùfẹ́ rẹ̀, ó la ẹnu, ajá sì gbó. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí wọ́n sọ ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ló ń lé ọ?" Etí Ehoro ní kò sí nǹkan.

Ó ti múra lẹ́ẹ̀mejì láti jẹ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kan, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ tó ń kọrin nínú balùwẹ̀, ó sì padà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó kàn padà ni.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, Màmá Ẹ̀yìnkùlé wọ pálọ̀. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Àpò méjì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Mò ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi," ó wí. "Kí n tó lọ, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ gbé fídíò ọjọ́ náà sí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ pa ohùn ẹ̀ pátápátá."

Àbíkẹ́yìn wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ilẹ̀. Wọ́n gbé e sí i.

"Ẹ̀yin ń fi etí gbọ́," ni obìnrin náà wí. "Èmi, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, ètè ni mò ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ohun tí olùkọ́ ń wí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń mọ ohun tí ẹ̀ ń sọ lẹ́yìn mi bí mo bá yíjú pẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wí 'má', àfi kí ètè rẹ̀ méjèèjì pàdé. Ẹ dán an wò."

Gbogbo ìyàrá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu bí ọmọ ilé ìwé. Ẹ má jẹ́. Ẹ jẹ́. Ẹ má jẹ́.

"Ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n mi."

Lójú tẹlifíṣọ̀n, láìsí ohùn, ìyá wọn gbé orí sókè. Ó la ẹnu. Ètè rẹ̀ pàdé, wọ́n sì yà. Ó sọ̀rọ̀ tán, ó yíjú.

"Ibi tí mo rí mọ nìyẹn," ni Màmá Ẹ̀yìnkùlé wí. "Mo sọ ohun tí mo rí."

Àbíkẹ́yìn mú fóònù rẹ̀, ó dá fídíò náà padà sẹ́yìn, ó sì tan ohùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i lákòókò kan náà. Ohùn parí, ẹnu ìyá ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó tún un ṣe. Bákan náà ló rí.

Ó yíjú díẹ̀díẹ̀.

"Àǹtí mi. Ṣé ẹ gé e ni?"

Ọ̀pọ̀ irọ́ wà tó ṣì lè pa níbẹ̀. Ó lè di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá Ẹ̀yìnkùlé ń wo ètè rẹ̀.

"Mo gé e."

Àbúrò rẹ̀ mi orí bí ẹni tí wọ́n ka ìdájọ́ fún. "Ọjọ́ géètì yẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n ìta ni mo wà. Ẹ̀yin jẹ́ kí n wọlé, ẹ jẹ́ kí n jókòó, kí ẹ tó tì mí jáde." Ó mú fìlà rẹ̀, ó sì lọ.

Màmá Ẹ̀yìnkùlé nìkan ló kù níwájú rẹ̀. "Kí ni mo ṣe fún ọ?" ó bi í.

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, Màmá."

"Ohun tó dùn mí jù nìyẹn."

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó tú gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó rò pé wọ́n á lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá náà kàn ń yí ife tíì rẹ̀.

"O gbọ́ ìlà ohùn. Ṣé o gbọ́ ìlà orin?"

"Kí ni mo fẹ́ fi orin ṣe, sà?"

"Orin tó ní ègbè obìnrin. Ẹ̀rọ ò mọ ìyá ẹnikẹ́ni. Bí obìnrin bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bọ́ sáàárín ègbè, á kó o mọ́ orin ni. Ìwọ lò ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìyẹn. Jókòó."

Wọ́n jọ gbé ẹ̀rọ sétí. Ọ̀gá rẹ ìlù sílẹ̀, ó rẹ ègbè náà sílẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣí ewé kúrò lójú omi. Ibi tí ìyá ti yíjú, tí ìlà ohùn ti dákẹ́, nǹkan kan wà nísàlẹ̀ orin. Ó rẹlẹ̀, ó yára, ó sì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ara mi ni màá fi lọ pàdé ẹ̀. Bàtà mi dà?"

Etí Ehoro gbá àyà mú. Ẹ má jẹ́ kó wọlé: ìyá fúnra rẹ̀ ló fẹ́ jáde lọ bá ọmọ rẹ̀ ní géètì. Kì í ṣe pé ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Abẹ́ àga ló ń wò, bàtà ló ń wá.

Ó di fóònù mú láti pe àbúrò rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀. Kí ló fẹ́ wí? Pé òun tún rí ohùn ìyá mìíràn, èyí tó tún dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ? Òun náà kò ní gba ara rẹ̀ gbọ́.

"Mú wọn wá," ni ọ̀gá wí. "Fídíò tó wà lọ́wọ́ àbúrò ẹ ni màá lò, níwájú wọn. Ìwọ, ọwọ́ ẹ ò gbọdọ̀ kan nǹkan kan. Ìta ni wàá dúró sí."

Àbíkẹ́yìn kò gbé ìpè rẹ̀. Ni Etí Ehoro bá lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá Ẹ̀yìnkùlé, tí kò tíì tú ẹrù rẹ̀, kò sì bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ kàn bá mi pè é." Obìnrin náà wò ó títí. Kò pe ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ ojú irin lọ mú ọmọ náà wá.

Gíláàsì sítúdíò kì í jẹ́ kí ohùn jáde. Ẹni tó ń fi etí jẹun dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rí ẹ̀yìn ọ̀gá. Ó rí i pé ọ̀gá ń tọ́ka, ó ń ṣàlàyé, ó ń tẹ bọ́tìnnì. Ó rí i tí àbúrò rẹ̀ di apá mọ́ra bí ẹni tí wọn kò ní tàn jẹ mọ́. Lẹ́yìn náà apá náà tú. Màmá Ẹ̀yìnkùlé fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń wí nǹkan kan, ó sì ń mi orí.

Ìgbà tó yá ni Etí Ehoro mọ ohun tí màmá náà wí níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìbí náà, nígbà tí màmá náà ti géètì wọlé padà, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé, "Ó dà?" Ó ní ọmọ ti lọ, ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti kúrò ni. Ìyá rò pé ọmọ kò fẹ́ dúró dè é. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, kò sì sọ ọ́ mọ́ títí tí ohùn fi kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn jáde. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó mọ́.

"Bàtà wo ni wọ́n ń wá?" ó béèrè.

"Dúdú kan tó ní bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà."

"Màá wá mú un." Ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ di Màmá Ẹ̀yìnkùlé lápá mú sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ó wá mú un lóòótọ́, ó sì ń wá láti ìgbà náà. Màmá Ẹ̀yìnkùlé tú ẹrù rẹ̀. Ó ti dárí ji Etí Ehoro, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gé ọ̀rọ̀ nítorí kí ara lè tu ẹnìkan, ó ní kí n sọ fún yín pé òtítọ́ tí òun sá fún sàn ju irọ́ tí òun fi rọ́pò rẹ̀ lọ. Ó ní òun kò dúró gbọ́ ọ tán ni.

Àbúrò rẹ̀ ń kí i. Ó ń bá a ṣeré, ó ń béèrè àlàáfíà ọmọ àti ọkọ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Etí Ehoro sì jẹ́ iṣẹ́ kékeré kan fún un.

"Màmá Ẹ̀yìnkùlé ní kí o tètè dé lọ́jọ́ Sátidé."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí mi," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹ bá mi fún wọn ní fóònù."